Rutabaga: bí a ṣe ń dá a mọ̀ lábẹ́ orúkọ yòówù, bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń bẹ ẹ́ àti bí a ṣe ń sè é

Ẹni tí ó bá ń wá rutabaga, ewébẹ̀ ilẹ̀ olótùútù kan tí a ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù lè yí ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ po títí kí ó má rí ohunkóhun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ohun tí ó ń wá wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí wọ́n kọ swede sí i lára. Bí ó bá dé Skọ́tlándì, neeps ni yóò gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń sè é. Ní Írẹ́lándì, ní Cornwall tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní àwọn apá kan ní àríwá ilẹ̀ náà, turnip ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni turnip yìí kan náà ni orúkọ ewébẹ̀ mìíràn tí ó kéré jù ú lọ, tí inú rẹ̀ funfun, tí omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Faransé ni orúkọ rutabaga ti wọ́pọ̀ jù lọ, òun ni n ó sì máa lò nínú àlàyé yìí kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tẹ̀ lé ìlànà ìsebẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ni pé kí ó wo ibi tí ẹni tí ó kọ ìlànà náà ti wá, kí ó tó gba orúkọ ewébẹ̀ tí ó kọ síbẹ̀ gbọ́. Bí ará Dublin ní Írẹ́lándì bá ní kí ẹ se turnip kílógíráàmù kan, kí ẹ gún un, kí ẹ sì fi bọ́tà sí i, rutabaga ni ó ní lọ́kàn. Ẹni tí ó bá lọ ra turnip funfun kékeré nítorí ọ̀rọ̀ yẹn yóò rí i pé oúnjẹ rẹ̀ yóò ṣomi, yóò funfun dípò kí ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin adìẹ, adùn tí wọ́n sì ṣèlérí fún un kò ní sí níbẹ̀. Ìlànà náà kò ṣe ohun tí kò dára. Orúkọ ni ó ṣì í lọ́nà.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi gbogbo

Inú ẹ̀ka èdè Swídìn kan ni orúkọ rutabaga ti wá. Rotabagge ni wọ́n ń pe ewébẹ̀ náà níbẹ̀. Rot ni gbòǹgbò, bagge sì ń tọ́ka sí ohun kúkurú tí ó sanra. Àwọn ará Swídìn òde òní kì í sábà lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, kålrot ni wọ́n ń sọ, èyí tí í ṣe gbòǹgbò kábéèjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba irúgbìn rẹ̀ láti Swídìn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kọ́kọ́ pè é ní turnip àwọn ará Swídìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e kúrú, tí ó fi di swede. Neep tí àwọn ará Skọ́tlándì ń lò jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún turnip, tí ó sì ti wà lẹ́nu wọn kí rutabaga tó dé ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ewébẹ̀ tuntun náà dé, wọ́n kàn fi orúkọ tí ó wà nílẹ̀ wọ̀ ọ́ ni.

Ní Nọ́wè, kålrot tàbí kålrabi ni ẹ ó gbọ́. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ, nítorí pé Kohlrabi tí wọ́n ń tà ní Jámánì, tí àwọn ọjà Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà náà sì ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe rutabaga rárá. Ọ̀pá ewé tí ó wú bíi bọ́ọ̀lù lókè ilẹ̀ ni Kohlrabi, ó rọ̀, a sì lè jẹ ẹ́ ní tútù bí ẹni ń jẹ kùkúḿbà. Ohun tí àwọn ará Jámánì ń pe rutabaga ni Steckrübe tàbí Kohlrübe. Àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè é ní koolraap, àwọn ará Fínlándì ń pè é ní lanttu, àwọn Faransé sì ní orúkọ kejì fún un, chou-navet, èyí tí ó so orúkọ kábéèjì àti ti turnip pọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Kánádà tí ó wà létí òkun Àtìláńtíìkì, turnip ni, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní Írẹ́lándì. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ìpínlẹ̀ Vermont ní oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Gilfeather turnip, tí ó wá láti ìlú Wardsboro, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì sọ di ewébẹ̀ àmì ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 2016; oríṣi rutabaga kan tí inú rẹ̀ funfun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé turnip ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìdí tí orúkọ fi dàrú tó báyìí wà nínú ìran ewébẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìran kábéèjì àti ìran turnip ni wọ́n pàdé tí wọ́n fi bí i. Ní ọdún 1935, onímọ̀ kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Japan, Nagaharu U, ṣàlàyé bí ìran méjèèjì ṣe so pọ̀: turnip ní krómósómù (àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé àbùdá) 20, kábéèjì ní 18, èyí tí àwọn méjèèjì bí sì ní 38. Brassica napus ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é, àwọn ohun ọ̀gbìn tí a ti ń fún òróró canola sì wà nínú ẹ̀yà kan náà. Gaspard Bauhin, onímọ̀ nípa ewéko ará Swítsálándì, ti mẹ́nu bà á ní ọdún 1620 gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń hù ní Swídìn. Ẹni tí ó pè é ní gbòǹgbò kábéèjì kò purọ́, ẹni tí ó pè é ní turnip náà kò sì jìnnà sí òtítọ́. Nínú ìkòkò, ẹ ó gbọ́ òórùn kábéèjì lára rẹ̀. Lẹ́nu, ẹ ó mọ adùn turnip, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ó sì dùn jù ú lọ.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ gbé e fún àlejò mọ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1916 sí 1917, láàárín ogun àgbáyé kìíní, pòtétò kò ṣe dáadáa ní Jámánì, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì ti dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé. Rutabaga, tí wọ́n ń fi bọ́ ẹran tẹ́lẹ̀, ni ó wá di oúnjẹ àràárọ̀ àti alaalẹ́. Wọ́n fi ṣe búrẹ́dì, wọ́n fi ṣe jáàmù, wọ́n sì yan án lọ̀ bíi kọfí. Steckrübenwinter, ìgbà òtútù rutabaga, ni wọ́n ń pe àsìkò yẹn títí di òní. Àwọn Faransé náà jẹ ẹ́ ní àjẹsú nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn láàárín ọdún 1940 sí 1944. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ méjèèjì bá fajú ro níwájú àwo rẹ̀, kí alásè má rò pé iyọ̀ ni kò tó.

Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ lójú

Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Rutabaga ní ọrùn kúkurú kan lókè, níbi tí ewé ti hù jáde, àpá àwọn ewé tí ó ti já yóò sì yí ọrùn náà ká ní ìlà ìlà. Turnip kò ní ọrùn bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ ń hù tààrà láti orí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọ̀. Òkè rutabaga sábà máa ń pọ́n bí àlùkò tàbí kí ó ní àwọ̀ idẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa pupa díẹ̀ bí ìpara wàrà. Ara rẹ̀ kì í dán, ó máa ń rí gbágungbàgun, gbòǹgbò tín-ín-rín lè wà lára ìsàlẹ̀ rẹ̀. Turnip ní tirẹ̀ funfun, ó ń dán, òkè rẹ̀ nìkan ni ó pọ́n bí àlùkò, kì í sì í sábà tóbi ju ọwọ́ ènìyàn lọ.

Bí wọ́n bá ti gé e sí méjì fún títà, iyèméjì tán: inú rutabaga pupa rẹ́súrẹ́sú, inú turnip funfun, àfi àwọn oríṣi díẹ̀ bíi ti Vermont tí mo mẹ́nu bà. Bí ewé bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pa á. Ewé rutabaga jọ ti kábéèjì, ó jọ̀lọ̀, ó nípọn, ó sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ lára. Ewé turnip tutù yọ̀yọ̀, ó tín-ín-rín, ó sì ní irun tí ń rin ọwọ́.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ lè rí i pé ara rutabaga ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ìda paraffin ni wọ́n rì í bọ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ nígbà tí ó bá wà ní ìpamọ́ fún oṣù púpọ̀. Ìda yìí kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n a kì í jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni a ó bẹ dànù mọ́ èèpo. Fífi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kò wúlò, ńṣe ni yóò yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ inú àwokòtò.

Nígbà tí a bá ń rà á

Ẹ gbé e lọ́wọ́. Èyí tí ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ ni kí ẹ mú, nítorí pé èyí tí ó fúyẹ́ ti gbẹ nínú tàbí kí ó ti di igi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ yíká. Ibi tí ó bá rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò ti ń jẹrà. Èyí tí kò tóbi ju àgbọn kékeré tí a ti bó lọ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àwọn ńláńlá a máa ní okùn nínú, pàápàá bí wọ́n bá pẹ́ nínú ilẹ̀. Àpá wẹ́wẹ́ lára èèpo kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí ó bá là jìnnà sílẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni ó dára jù, nítorí pé òtútù máa ń mú kí ó dùn sí i: bí ìrì dídì bá ti bọ́ sí i lára nínú oko, díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ yóò yí padà di ṣúgà. Bí ẹ bá rí èyí tí ewé rẹ̀ ṣì kéré tí ó sì tutù, ẹ má jù ú nù. Ẹ lè rẹ́ ewé náà bí ẹ̀fọ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fún un gbẹ, kí ẹ sì sè é pẹ̀lú ata àti irú. Ó le díẹ̀ ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ó sì ní ìkorò díẹ̀, ṣùgbọ́n irú máa ń bo ìkorò yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bíbẹ èèpo rẹ̀

Iṣẹ́ tí ó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rutabaga nìyí, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń fi ọ̀bẹ gé ara wọn. Ẹni tí ó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó ronú nípa àwọn ará Isle of Man, erékùṣù kan láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Írẹ́lándì, tí wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀ láti fi ṣe fìtílà ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, níbi ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Hop-tu-Naa. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe ní Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì kí àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tó bá elégédé pàdé níbẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé òun rọrùn láti gbẹ́ jù.

Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sí abẹ́ pákó tí ẹ fẹ́ gé e lé lórí kí pákó náà má baà yọ̀. Ọ̀bẹ ńlá tí ó mú ni kí ẹ lò. Ọ̀bẹ tí kò mú ni ó léwu jù, nítorí pé agbára ni ẹ ó máa fi tì í, yóò sì yọ̀ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ gé ọrùn kúrò, kí ẹ gé ìdí náà kúrò, kí ẹ wá gbé e dúró lórí ibi pẹrẹsẹ tí ẹ ti gé. Kí ẹ má ṣe gbìyànjú láti là á nígbà tí ó bá ṣì ń yí gbirigbiri. Bí ó bá tóbi jù, ẹ fi orí ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ láàárín, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kejì tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi là sí méjì, kí ẹ wá dojú ibi tí ó là délẹ̀.

Ẹ bẹ èèpo rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì bẹ ẹ́ nípọn. Bí ẹ bá wo ibi tí ẹ ti gé, ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín kan tí ó yí i ká nínú, níwọ̀n mílímítà díẹ̀ sí èèpo. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín ìlà yẹn àti èèpo ni ó ní okùn, òun ni ó sì korò jù. Ẹ bẹ ẹ́ kúrò pátá. Ohun ìbẹpo kékeré tí a fi ń bẹ káróòtì kì í sábà wọlé tó, ìda tí ó wà lára ti Amẹ́ríkà sì máa ń dí i lẹ́nu. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lágbára lè fi fọ́ọ̀kì gún rutabaga náà káàkiri, kí ó gbé e sínú máíkúrówéfù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, èèpo yóò rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe èyí sí èyí tí ó ní ìda lára.

Sísè rẹ̀

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a bọ̀ ọ́ kí a sì gún un. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ gé kílógíráàmù 1 sí wẹ́wẹ́ tí ó fẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó sì dọ́gba, nítorí pé bí wọn kò bá dọ́gba, àwọn kan yóò ti fọ́ nígbà tí àwọn mìíràn ṣì le. Ẹ dà á sínú ìkòkò, kí omi bò ó, kí ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì sè é fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ó pẹ́ kí ó tó jinná ju pòtétò lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un, bí ó bá wọlé láìtì í, ó ti jinná.

Ohun tí ó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ ìlànà máa ń fò, òun ni ó sì ń ya rutabaga gígún tí ó dára sọ́tọ̀ sí èyí tí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ dà á sínú ajere kí omi ro kúrò, kí ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbóná, kí ẹ gbé e lé iná kékeré fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa mi ìkòkò náà títí oru omi yóò fi dínkù. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ewébẹ̀ yìí, ó sún mọ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Bí ẹ kò bá lé e jáde, bọ́tà kò ní wọ ara rẹ̀, yóò kàn léfòó ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gún un pẹ̀lú bọ́tà gíráàmù 50, ata dúdú lílọ̀ tí ó tó dáadáa, àti nutmeg díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó dára kí ó má kúnná jù; kí kókó díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé neeps kalẹ̀ ní Skọ́tlándì pẹ̀lú haggis (ìfun àti inú àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì sè pẹ̀lú ọkà oat) àti pòtétò ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí akéwì wọn Robert Burns. Ní erékùṣù Orkney, wọn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀: rutabaga àti pòtétò ni wọ́n ń gún pọ̀ pẹ̀lú bọ́tà àti àlùbọ́sà eléwé, clapshot sì ni wọ́n ń pè é. Fún ẹni tí kò jẹ rutabaga rí, èyí ni mo máa kọ́kọ́ sè, nítorí pé pòtétò máa ń gbé e ró, ó sì máa ń dín òórùn kábéèjì rẹ̀ kù. Àwọn ará Swídìn ní irú tiwọn, rotmos, tí wọ́n ń fi káróòtì kún, tí wọ́n sì ń jẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè, rutabaga gígún ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú egungun ìhà àgùntàn oníyọ̀ nígbà Kérésìmesì. Lanttulaatikko ti Fínlándì gba sùúrù jù wọ́n lọ: wọ́n ń gún un, wọ́n ń po ó pọ̀ mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ tí a lọ̀, ìpara wàrà, ẹyin, omi ṣúgà dúdú àti nutmeg, wọ́n á wá yan án nínú ààrò ní ìwọ̀n ooru tí kò pọ̀ títí òkè rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ní Cornwall, tútù ni wọ́n ń fi sínú pasty, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi di ẹran àti ewébẹ̀ sínú bíi meat pie, tí wọ́n sì yan. Ní ọdún 2011, orúkọ Cornish pasty gba ààbò lábẹ́ òfin Yúróòpù, ó sì wà nínú ìlànà náà pé màlúù, pòtétò, àlùbọ́sà àti rutabaga nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti ata, kí ẹran má dín sí ìpín 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ewébẹ̀ má sì dín sí ìpín 25. Ohun tí alásè ní láti mú nínú rẹ̀ ni pé kí ó gé rutabaga náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé inú ìyẹ̀fun ni yóò ti jinná, kò sì sí omi tí yóò ràn án lọ́wọ́ ju omi ara àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ.

Yíyan nínú ààrò ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí ó bá sọ pé òun kò lè fara da òórùn rẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí a ti ń gé dòdò kéékèèké, kí ẹ fi òróró àti iyọ̀ pa á, kí ẹ tẹ́ ẹ láìgbé wọn léra wọn, kí ẹ sì yan án ní 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà ara rẹ̀ yóò jó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkorò yóò sì wọlẹ̀.

Ìkorò yìí kì í dọ́gba lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn èròjà tí ó wà nínú gbogbo ìran kábéèjì ni ó ń fà á, a sì bí àwọn kan pẹ̀lú ahọ́n tí ó ń mọ̀ ọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ọmọ yín bá ní ó korò, tí ẹ̀yin kò sì rí ìkorò kankan, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ òótọ́. Ẹ lè da omi àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ sì bu omi gbígbóná mìíràn sí i, tàbí kí ẹ fi káróòtì kún un. Ẹ má sè é kọjá àkókò, nítorí pé ńṣe ni òórùn rẹ̀ máa ń le sí i.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wá ohun tí yóò dín iṣu kù nínú oúnjẹ wọn, lè béèrè bóyá a lè fi gún iyán. Rárá ni ìdáhùn. Sítáàṣì inú rẹ̀ kéré jù. Bí ó ti wù kí a lù ú tó, kò ní fà, yóò kàn di ohun rírọ̀ tí ó ń tú nínú ọbẹ̀ ni. Ibi tí ó ti wúlò ni inú àsáró. Ẹ fi rutabaga rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́ta iṣu náà, kí ẹ kọ́kọ́ sè é nínú omi ata fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó da iṣu sí i, nítorí pé iṣu ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ bá da wọ́n sí i pọ̀. Epo pupa àti edé bá adùn rẹ̀ mu. Ó tún dára nínú ọbẹ̀ ẹran tí ń pẹ́ lórí iná, nítorí pé kì í yára fọ́ bíi pòtétò.

Nínú gíráàmù 100 rutabaga tútù, agbára oúnjẹ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi kálórì 37, nígbà tí ti iṣu jẹ́ bíi 118, ti pòtétò sì jẹ́ bíi 77. Fítámìnì C inú rẹ̀ tó mílígíráàmù 25, èyí ni ó sì mú kí àwọn ará Nọ́wè máa pè é ní ọsàn àríwá, nítorí pé nínú òtútù wọn, ọsàn gidi kì í hù. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ́ kí ó gba ipò díẹ̀ nínú pòtétò tàbí iṣu rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Ẹni tí ó bá ní gẹ̀gẹ̀ tàbí àìsàn tí ó jọ mọ́ ọn kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, pàápàá ní tútù.

Pípa á mọ́

Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò bí ó bá wà lára rẹ̀, nítorí pé ewé máa ń fa omi jáde nínú gbòǹgbò. Ẹ má fọ̀ ọ́. Nínú fìríìjì, yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láìbàjẹ́, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ ti gé kù, ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ẹ sì sè é láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà ní fìrísà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù, kí ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Èyí tí a ti gún náà ṣeé kó sí fìrísà.

Gbígbìn ín

Ẹni tí ó bá ní ọgbà kékeré ní Ìlú Ọba lè gbìn ín láìsí wàhálà púpọ̀, bí ó bá lè mú sùúrù fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òtútù ni ó fẹ́; ìwọ̀n ooru 15 sí 18°C ni ó ti ń ṣe dáadáa jù, nígbà tí ooru bá sì pọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò di igi. Nítorí ìdí yìí, kí ẹnikẹ́ni má fi owó irúgbìn ṣòfò ní Èkó tàbí Ìbàdàn.

Láàárín oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn ín, tààrà sí ibi tí yóò wà títí, nítorí pé kò fẹ́ kí a lọ́ ọ. Ẹ da irúgbìn náà sí ihò tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 40 wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n bá hù, ẹ fa èyí tí ó pọ̀ jù tu títí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 23 yóò fi wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn láti fa èyí tí ó ti hù tu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, ewé ni ẹ ó kó, ẹ kò ní rí gbòǹgbò. Ẹ bomi rin ín déédéé, nítorí pé bí ọ̀dá bá pẹ́ tí òjò ńlá sì tẹ̀ lé e, yóò là.

Àrùn tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni clubroot, tí ó ń mú kí gbòǹgbò wú ráuráu, kí ewéko náà sì rọ. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tí ó kan, ìyẹn ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń da ẹfun sí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbìn, tí wọn kì í sì í gbin ìran kábéèjì sí ojú kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn oríṣi bíi Marian àti Invitation ń kọjú ìjà sí i dáadáa, ẹ wá orúkọ wọn lára páálí irúgbìn. Bí ẹ bá la rutabaga tí inú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ igi láàárín, tí èèpo rẹ̀ kò sì ní àbùkù, èròjà boron ni kò tó nínú ilẹ̀ náà. Ní ti kòkòrò, àwọ̀n tín-ín-rín tí a bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín ni ó dára jù, nítorí pé eṣinṣin tí ń yé ẹyin sí ìdí rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Láti oṣù kẹwàá ni ẹ ti lè máa fà á bí ẹ bá ṣe nílò rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí tí ìrì dídì yóò fi bọ́ lé wọn lórí. Ní ibi tí òtútù bá ti le jù, ẹ fi koríko gbígbẹ bò wọ́n. Kí oṣù kẹta tó dé, ẹ fa gbogbo èyí tí ó kù, nítorí pé ní kété tí ọjọ́ bá ti ń gùn sí i, ọ̀pá òdòdó yóò yọ láàárín ọrùn rẹ̀, gbòǹgbò náà yóò sì le débi pé kò ní ṣeé jẹ.